Kòkòrò H. pylori lára àwọn tí inú ń yọ lẹ́nu ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Helicobacter pylori, tí wọ́n máa ń gé kúrú sí H. pylori, ni bakitéríà kan tó ń gbé inú àpòlúkù èèyàn. Ìgbà ọmọdé ló sábà máa ń wọlé, láti ara àwọn tí a jọ ń gbélé, látẹnu tàbí látọwọ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa. Ìṣirò kan tó jáde ní 2017 fi sí bíi 70 nínú 100 èèyàn ní Áfíríkà, ti Nàìjíríà tiẹ̀ lé ní 85, torí náà tí èèyàn mẹ́wàá tí inú ń ta bá jókòó síwájú dókítà ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á bá a lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó wà lára ẹni tó sìn wọ́n wá náà, tí nǹkan kan ò ṣe.

Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tó ní in ò ní mọ̀ láéláé, àwọn díẹ̀ ló máa ń di ulcer, ìyẹn ọgbẹ́ inú, fún, ti jẹjẹrẹ àpòlúkù dẹ̀ tún kéré síyẹn.

Iye tí wọ́n bá rí tún wà lọ́wọ́ irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Ti ẹ̀jẹ̀ kàn ń sọ pé kòkòrò náà ti dé ara rí ni, kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ àti ti èémí ló ń sọ ti ìsinsìnyí. Wọ́n tún lè ti kámẹ́rà gba ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n já ẹran bíńtín nínú àpòlúkù, kí wọ́n fi sínú nǹkan kan tó yélò, tó bá ti di píǹkì, kòkòrò wà ńbẹ̀, torí ó máa ń tú amóníà jáde láti fi gba ara ẹ̀ lọ́wọ́ ásíìdì. Ṣùgbọ́n kí aláìsàn tó dé ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Ṣágámù tàbí Ìlíṣàn, ó ti lè lo omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú kù, látọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì fún ọjọ́ pípẹ́, oògùn yẹn sì máa ń bo kòkòrò náà mọ́lẹ̀, àfi tó bá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò.

Gààrí Ìjẹ̀bú ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Kíkan ẹ̀ lè mú kí inú tó ti lọ́gbẹ́ ta, òótọ́ ni, àmọ́ gààrí ò lè bí bakitéríà. Oògùn ara ríro bíi ibuprofen náà ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀ láìsí kòkòrò kankan.

Dókítà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ló kọ́kọ́ mú H. pylori hù ní láàbù ní Perth, Ọsirélíà, ní 1982, torí ìsinmi Àjíǹde mú kí àwo tí wọ́n fi ń mú un hù pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Oògùn tó ń dín ásíìdì kù pẹ̀lú oríṣi oògùn apakòkòrò (antibiotic) méjì, ó kéré tán, ni wọ́n fi ń wò ó, ọjọ́ 14 ló sábà máa ń gbà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò, kì í dẹ̀ ṣe ti ẹ̀jẹ̀, torí ìyẹn ṣì lè máa sọ pé ó wà fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tó ti lọ.