Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ àti àfòmọ́ nínú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ ni ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tí ó gbé kókó ìtumọ̀ dání, tí ó sì ṣẹ́ kù nígbà tí a bá ti yọ àfòmọ́, ìyẹn ẹ̀yà ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró, tí ó lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ Yorùbá sábà máa ń wà. Díẹ̀ ni ó ń bọ́ sí àárín, bí i "kí" tí ó wà nínú "ilékílé" àti "ọmọkọ́mọ". Èdè náà kò ní àfòmọ́ ìparí bí ti Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń sọ "teach" di "teacher", tàbí ti Swahili, tí ó ń fi "m-" ṣíwájú "soma", tí ó sì ń fi "-ji" tì í lẹ́yìn kí ó tó di "msomaji", èyí tí ó túmọ̀ sí òǹkàwé. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní Kábbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà ní ìpínlẹ̀ Kogí, tí ó ń bá Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá àjùmọ̀lò pàdé ní ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì ń sọ ẹ̀ka èdè Òkun nílé, mọ ìyàtọ̀ yìí.

Láti rí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀, yíyọ fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nìkan kò tó, nítorí pé ìpajẹ (kí ìró kan lọ) àti àrànmọ́ (kí ìró kan gba ìrísí èyí tí ó wà nítòsí rẹ̀) máa ń pa ojú ọ̀rọ̀ dà. "Ahunṣọ" jẹ́ "a-", "hun" àti "aṣọ", ṣùgbọ́n "a" tí ó bẹ̀rẹ̀ "aṣọ" ti jẹ. Nínú "apẹja", fáwẹ̀lì "pa" ni ó lọ. Nínú "akọ̀wé", "ì" tí ó bẹ̀rẹ̀ "ìwé" lọ, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ kù sórí "kọ".

Àfòmọ́ "oní-" ni ó ń da ojú rú jù. Kò yí padà nínú "onígàrí" àti "onílé", ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀ lé e bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì mìíràn tí kì í ṣe "i", "n" a di "l", fáwẹ̀lì "oní-" méjèèjì a sì gba ìrísí fáwẹ̀lì náà. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbọ́ aláṣọ, elépo àti ẹlẹ́mu lọ́jà. Nínú "aláìgbọ́ràn", a ó kọ́kọ́ dá "oní-" padà, kí ó ku "àìgbọ́ràn". A ó yọ "àì-", kí ó ku "gbọ́ràn", tí òun náà jẹ́ "gbọ́" àti "ọ̀ràn". Ẹni tí ó bá dúró sí "gbọ́ràn" kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ìtumọ̀ ni ó ń fìdí ìtúpalẹ̀ múlẹ̀. "Ìlù" wá láti ara "lù", nítorí pé ohun tí a ń lù ni. "Ìlú", ní tirẹ̀, kò ní ìbátan ìtumọ̀ kankan pẹ̀lú "lù" tàbí "lú", nítorí náà odidi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó kà á sí. Bákan náà ni a kò lè yọ "mi" kúrò nínú "omi".

Orúkọ ibùgbé tún nílò ìṣọ́ra. Ayétòrò, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, kò ní àfòmọ́ rárá: odidi gbólóhùn ni, "ayé" ni olùwà, "tòrò" sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe.