Bí Gíláàsì Gígún Ṣe Ń Di Àwọ̀ Lára Ìlẹ̀kẹ̀

Bí a bá gún ìgò aláwọ̀ ewé títí tó fi kúnná bí èlùbọ́, àwọ̀ ewé náà á pòórá. Ohun tó máa kù nínú odó á funfun bí ìyẹ̀fun. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gún un lè rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́, àmọ́ kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọ̀ náà ṣì wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Àwọn hóró náà ló pọ̀, tí wọ́n ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká kí ó tó dé ojú wa. Bí iná bá tún kàn wọ́n, tí wọ́n yọ́ wọ inú ara wọn, àwọ̀ ewé á padà jáde. Orí nǹkan kékeré yìí ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ dúró lé: wọ́n á fọ́ gíláàsì aláwọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á yí ìlẹ̀kẹ̀ gbígbóná nínú rẹ̀, iná á sì sọ méjèèjì di ara kan.

L'Abẹ́òkúta, bí a bá dárúkọ iṣẹ́ ọnà, Ìtòkú àti àdìrẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ìlẹ̀kẹ̀ náà kò gbẹ́yìn, nítorí ìyàwó Ẹ̀gbá kì í jáde lọ́jọ́ ìdána kí ọrùn rẹ̀ ṣófo. Àmọ́ púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó wà lọ́jà, òkè òkun ló ti wá, ẹ̀rọ ló sì ṣe é. Ó yẹ kí èyí ká wa lára, torí kì í ṣe àná la mọ iṣẹ́ gíláàsì. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Abídèmí Babalọlá, onímọ̀ nípa wíwa ilẹ̀ láti mọ ìtàn, ti ṣiṣẹ́ ní 2011 àti 2012, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ni wọ́n rí nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣe wọ́n. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbà náà máa ń fa gíláàsì gùn bí ọ̀pá oníhò, wọ́n á wá gé e kéékèèké. Ìlẹ̀kẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí yàtọ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ká mọ́ irin lójú iná.

Irin náà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, kì í sì í dípatà. Wọ́n á kọ́kọ́ rì í bọ inú amọ̀ funfun tí wọ́n pò kó ki bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Amọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí gíláàsì lẹ̀ mọ́ irin, òun náà ló sì ń fún ìlẹ̀kẹ̀ ní ihò. Iná tí wọ́n ń lò jẹ́ ti gáàsì pẹ̀lú ọ́síjìn inú sílíńdà, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, iná fìtílà ni, wọ́n á máa fi ẹwìrì fẹ́ ẹ. Ọwọ́ ọ̀tún mú ọ̀pá gíláàsì, ọwọ́ òsì ń yí irin. Bí orí ọ̀pá bá ti yọ́, wọ́n á fà á kan irin, wọ́n á sì máa ká a. Ọwọ́ òsì yẹn kò gbọdọ̀ sinmi. Bó bá dúró díẹ̀, gíláàsì á sàn wálẹ̀ bí oyin, ìlẹ̀kẹ̀ á sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Gígún gíláàsì kì í ṣe iṣẹ́ agbára bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ìgò tó tutù máa ń fọ́ sí pẹẹrẹ gígùn tó mú bí abẹ, kì í fọ́ sí hóró. Nítorí náà, wọ́n á fọ ìgò mọ́, wọ́n á há bébà ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi aṣọ tó nípọn wé e kí wọ́n tó fi òòlù fọ́ ọ. Wọ́n á wá yan àfọ́kù náà nínú abọ́ irin lórí iná títí tó fi gbóná gan-an, wọ́n á dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sínú garawa omi tútù. Á máa dún ta-ta-ta bí iyọ̀ tó bọ́ sínú iná. Ìta gíláàsì ti súnkì kí inú tó tutù, ó sì ti sán káàkiri láìfọ́nká. Bí wọ́n bá kó o jáde tó gbẹ, odó irin kékeré á sọ ọ́ di wẹ́wẹ́ láìlàágùn.

Odó yẹn kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná mọ́, ajọ̀ tí wọ́n bá fi jọ̀ ọ́ náà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Eruku gíláàsì kì í ṣe eruku lásán. Bó bá dé inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló lè jókòó sí, ó sì lè dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Aṣọ tí a so mẹ́nu kò tó. Ìbòmú tó lè dá eruku wẹ́wẹ́ dúró la nílò, àti awò tó bo ojú pátápátá. Kí wọ́n sì wọ́n omi sí i bí wọ́n bá ń gún un, kí eruku má gbéra. Lẹ́yìn gígún, wọ́n á wá mágínẹ́ẹ̀tì, bí irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á sì fi rá inú gíláàsì náà. Ẹ̀rún irin tó bó lára odó á so mọ́ ọn. Bí wọn ò bá ṣa ẹ̀rún yìí kúrò, tóótòòtó dúdú ló máa bá ìlẹ̀kẹ̀ dọ́jọ́ alẹ́.

Jíjọ̀ ló kàn, ibẹ̀ sì ni oníṣẹ́ ti ń pinnu irú ọnà tó fẹ́. Èyí tó tóbi tó hóró ìrẹsì máa ń fún ìlẹ̀kẹ̀ ní àmì gbàǹgbà-gbàǹgbà bí ara àmọ̀tẹ́kùn. Èyí tó rí bíi gààrí Ìjẹ̀bú ló dára jù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí ó tètè lẹ̀, ó sì tètè yọ́. Èyí tó kúnná bí èlùbọ́ kì í ṣe é yí ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀. Ó máa ń há afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìlẹ̀kẹ̀ á wá kún fún ìfòfó, nítorí náà asẹ́ kékeré ni wọ́n fi ń gbọ̀n ọ́n sí i lára fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Wọ́n á da gíláàsì gígún náà sínú abọ́ irin pẹrẹsẹ, kí ó tẹ́ tín-ín-rín. Ìlẹ̀kẹ̀ ń yí nínú iná títí ojú rẹ̀ fi pọ́n bí ẹyin iná. Wọ́n á yọ ọ́ jáde, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí pípọ́n náà rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá yí i nínú gíláàsì náà lẹ́ẹ̀kan, bí oníṣúyà ṣe ń yí ẹran nínú yajì. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti tutù jù, hóró á kàn fò kúrò lára rẹ̀. Bó bá gbóná jù, á rọ̀ débi pé abọ́ á tẹ̀ ẹ́ ní pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá yí i tán, ara rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bíi ti ìbẹ́pẹ tí wọ́n dà yanrìn lé lórí, kò ní wuyì rárá. Wọn kì í gbé e padà sí àárín gbùngbùn iná. Ẹ̀gbẹ́ iná ló ń kọ́kọ́ lọ, kí hóró má baà ta kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu hóró á máa yípo, á máa rì, títí ojú ìlẹ̀kẹ̀ á fi dán bọ̀rọ́.

Àwọn kan kì í jẹ́ kó rì tán. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó ga díẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n lára. Ó rẹwà, àmọ́ ẹnu hóró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti yípo kí wọ́n tó gbé e kúrò lójú iná, torí ọrùn èèyàn ló ń lọ. Àwọn mìíràn á fi gíláàsì funfun gaara bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọ̀ náà á wá dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ odò tó mọ́. Èyí ló wuyì jù lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gba sùúrù jù.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dojú ti èèyàn kò sí nínú iná. Ẹ̀yìn iná ló wà. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú ààtùpà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀kán òjò bá kán sára gíláàsì rẹ̀ tó ń gbóná: paá, ó ti sán. Ibi kan súnkì, ibi tó kù kò tíì ṣetán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gíláàsì méjì tí kò bára mu ṣe máa ń ja inú ìlẹ̀kẹ̀ kan. Nígbà tí wọ́n gbóná, wọ́n rọ̀, wọn ò ní ìjà. Bí wọ́n bá ti ń tutù, ìkan fẹ́ súnkì ju ìkejì lọ, wọ́n sì ti di ara wọn mú. Ìlẹ̀kẹ̀ lè sán lójú ẹsẹ̀, ó sì lè dúró fún oṣù mẹ́ta kó tó là sí méjì lórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Nítorí èyí, àwọn tó ń ṣe ọ̀pá gíláàsì fún iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ máa ń fún un ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe máa súnkì tó bó bá ń tutù: bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni yóò ṣe súnkì tó. Ti Murano, erékùṣù tí ìjọba Venice kó àwọn oníléru gíláàsì lọ ní 1291, jẹ́ 104. Àwọn mìíràn jẹ́ 96 tàbí 90. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ tí kì í bẹ̀rù iná, borosilicate, jẹ́ 33. Bí ọ̀pá 104 tó gùn ní mítà kan bá tutù láti ìwọ̀n ooru 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius wá sí òdo, á súnkì ní nǹkan bíi mìlímítà 5.2, ti 90 á súnkì ní 4.5, ti 33 kò ní tó 2. Ìyàtọ̀ tó kéré báyìí ló ń la gíláàsì.

Àmọ́ gíláàsì gígún ní àǹfààní kan. Hóró tó tó gààrí, tó fọ́n ká tí kò sì kan ara wọn, kò ní agbára púpọ̀ láti fa ìlẹ̀kẹ̀ ya. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi lè wọ́n 96 díẹ̀ sára 104 kó má sì sán. Díẹ̀ la wí o. Bí wọ́n bá fi bo gbogbo ara rẹ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ti 33 kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: kò bá 104 ṣe, ì báà ṣe díẹ̀.

Ìgò tí a bá ṣà nílé ọtí ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Lafẹ́nwá kò ní nọ́ńbà tí a lè kà lára rẹ̀. Ìgò ewé, irin tàbí krómíọ̀mù ló fún un láwọ̀. Ti búráùn, irin àti súfúrù. Ti aró, kóbáàtì. Ilé iṣẹ́ kan sí èkejì sì ní bí wọ́n ṣe ń po tiwọn. Ìdánwò kan wà tí kò náni ju iná lọ. Wọ́n á mú ẹyọ kan nínú gíláàsì méjèèjì, wọ́n á yọ́ wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìrò wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fà wọ́n gùn bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Bí òwú náà bá tutù tó sì tọ́ gbọnrangandan, wọ́n lè gbé pọ̀. Bó bá tẹ̀ bí ọrun, gíláàsì tó wà nínú ìtẹ̀ náà ló súnkì ju èkejì lọ, kí wọ́n má sì fi wọ́n sójú kan. Nítorí ìwọ̀nyí, ẹni tó ń fi ìgò ṣiṣẹ́ á kó irú ìgò kan náà jọ, á sì fi àmì sára ìgò gígún kọ̀ọ̀kan kó má baà gbàgbé ibi tó ti wá.

Àwọ̀ náà máa ń bá àwọ̀ jà nígbà mìíràn, ìjà yìí sì máa ń lẹ́wà. Bí gíláàsì aláwọ̀ eyín erin tó ní súfúrù nínú bá kan èyí tí bàbà fún ní àwọ̀ ojú ọ̀run, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ á yọ láàárín wọn. Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ wá a: wọ́n á wọ́n hóró aláwọ̀ ojú ọ̀run sára eyín erin, hóró kọ̀ọ̀kan á sì fi dúdú yí ara rẹ̀ ká bí ojú tí wọ́n lé tìróò sí.

Kódà gíláàsì kan ṣoṣo tí kò ní ọnà lára á sán bó bá tutù kíákíá. Nítorí náà, ìlẹ̀kẹ̀ kì í jáde nínú iná bọ́ sí afẹ́fẹ́, ìléru kékeré tó ti gbóná sílẹ̀ ló ń wọ̀. Fún gíláàsì 104, nǹkan bí ìwọ̀n 510 ni wọ́n ń mú un dúró sí, fún bí wákàtí kan bí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá tóbi, kí ara rẹ̀ lè rọ̀ dọ́gba, lẹ́yìn náà á máa tutù díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. L'Abẹ́òkúta, ìṣòro ibẹ̀ kò ní àlàyé púpọ̀: wọ́n lè mú iná mànàmáná lọ nígbàkigbà. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má ṣí ìlẹ̀kùn ìléru láti yọjú wò ó. Ooru tó wà nínú bíríkì á mú kó tutù pẹ̀lẹ́. Bí ìléru kò bá sí rárá, eérú gbígbóná tó jinlẹ̀ nínú ìkòkò á gba ìlẹ̀kẹ̀ là lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmọ́ kò rọ́pò ìléru. Kí wọ́n tún un mú gbóná nígbà tí iná bá dé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rẹ irin àti ìlẹ̀kẹ̀ sínú omi. Amọ̀ á rọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á sì yọ bí wọ́n bá fi ọwọ́ lọ́ ọ. Inú omi náà ni wọ́n ti ń fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ nu amọ̀ inú ihò rẹ̀ kúrò, kí eruku rẹ̀ má baà fò. Wọ́n á fi ìka tọ́ ẹnu ihò náà wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí ẹnu náà bá ká sínú bí ìdodo, okùn á pẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá mú, wọ́n á yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà sẹ́yìn kó má baà gé okùn lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́.