Ayodíìnì Kọ́ Ló Ń Bá Ẹni Tí Kò Lè Jẹ Edé Jà

Aláìsàn ti dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn tí wọ́n fẹ́ tì wọ inú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Oògùn tí yóò jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn kedere ti wà nínú abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì wá bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń jẹ edé àti alákàn, tí kì í bá yín jà?" Ó ní rárá o, pé bí òun bá fẹnu kan edé pẹ́nrẹ́n, ètè òun á wú, gbogbo ara òun á sì máa yún òun. Ni nọ́ọ̀sì bá gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Àwòrán tí dókítà ń dúró dè di ọjọ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n yà á láìlo oògùn, kí ohun tí wọ́n ń wá má sì hàn dáadáa.

Irú èyí máa ń dùn mí gan-an, torí pé ẹ̀rù tí kò nídìí ló ń fa ìyà bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé ayodíìnì wà nínú edé, ó wà nínú oògùn àwòrán náà, nítorí náà ẹni tí ọ̀kan bá ń bá jà, èkejì á bá a jà. Ó bọ́gbọ́n mu létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè wà láàyè láìsí ayodíìnì. Òun ni ẹṣẹ́ tàírọ́ọ̀dì tó wà lọ́rùn wa fi ń ṣe họ́mónù, bí kò bá sì tó lára, gẹ̀gẹ̀ lè yọ síni lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń pò ó mọ́ iyọ̀. Bó bá jẹ́ ayodíìnì gan-an ni ara ń kọ̀, iyọ̀ inú ọbẹ̀ lásán ì bá ti máa bá èèyàn jà. Àwọn tí edé ń bá jà sì ń jẹ iyọ̀ yìí lójoojúmọ́, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ta wá ni ọ̀daràn? Purotéènì tó wà nínú ẹran edé ni.

Láàárín 1966 sí 1967 ni tọkọtaya Ishizaka ní Amẹ́ríkà, àti Johansson òun Bennich ní Sweden, rí èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní IgE lónìí. IgE máa ń dúró sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó kún fún histamine. Bí purotéènì kan bá kọjá, tí IgE méjì tó wà nítòsí ara wọn sì jọ dì í mú lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì náà á tú histamine jáde. Òun ló ń fa wíwú, ara yíyún àti èémí tó ń há. Ayodíìnì kéré ju ohun tí IgE méjì lè jọ dì mú lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mú ọ̀daràn yìí wù mí púpọ̀. Wọ́n á lọ ẹran edé, wọ́n á fa oje rẹ̀ sínú jẹ́lì pẹlẹbẹ kan, wọ́n á sì fi iná mànàmáná sí i. Iná á máa fa àwọn purotéènì lọ: àwọn kéékèèké á sáré ṣíwájú, àwọn ńlá á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n á kó wọn kúrò nínú jẹ́lì sórí ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dà bíi bébà, wọ́n á sì da omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí edé ń bá jà sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi oògùn tó ń tú àṣírí IgE sí i, ilà kan á yọ níbi tó ti rọ̀ mọ́ purotéènì. Láàárín ọ̀pọ̀ aláìsàn, ilà tó máa ń hàn jù lọ ni ti purotéènì kan tó wọn nǹkan bí 34 sí 38 kilodalton, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn purotéènì. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kéde pé tropomyosin ni.

Iṣẹ́ tropomyosin ni láti bá iṣan ẹran ṣiṣẹ́. Okùn méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ló jọ. Ti edé tí wọ́n ń pè ní Penaeus monodon ń jẹ́ Pen m 1: Pen láti ara orúkọ kìíní, m láti ara èkejì, 1 sì ni nọ́ńbà tí wọ́n fún un. Pen m 2 náà wà, arginine kinase ni, àwọn mìíràn sì tún wà, torí náà kì í ṣe ọ̀daràn kan ṣoṣo ló ń dààmú gbogbo aláìsàn. Ṣùgbọ́n tropomyosin ni ògúnná gbòǹgbò. Ó wà lára alákàn àti ọ̀kàṣà, kódà lára aáyán àti kòkòrò kéékèèké inú eruku ilé. Ti màlúù àti adìyẹ jọ tiwa jù kí ara tó bá a jà. Ẹja ní tirẹ̀, purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ parvalbumin ló sábà máa ń fa wàhálà rẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò lè jẹ edé ló lè máa jẹ ẹja láìséwu.

Àwọn kan gbà pé bí edé bá ti jinná dénú, ewu ti tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Bí iná bá tú okùn méjì tropomyosin, ó tún máa ń lọ́ padà tó bá tutù. Ó tún máa ń yòrò sínú omi tí wọ́n fi bọ edé, torí náà ẹni tó ṣa edé kúrò nínú ọbẹ̀ kò tíì ṣa ewu kúrò. Oru tó ń jáde látinú ìkòkò pàápàá ti dá èémí àwọn mìíràn dúró rí.

Nǹkan tó gbé ọ̀rọ̀ ayodíìnì dé kò ṣòroó rí. Ìwádìí ńlá kan tí Shehadi tẹ̀ jáde ní 1975 fi hàn pé oògùn àwòrán máa ń bá àwọn tí edé ń bá jà jà díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n gba apá yẹn mú. Àmọ́ àwọn tí ẹyin tàbí wàrà ń bá jà náà wà nínú ewu tó jọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi aláìsàn bóyá ó ń jẹ ẹyin kó tó wọ ẹ̀rọ. Lónìí, American College of Radiology, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ya àwòrán inú ara ní Amẹ́ríkà, kò ka ọ̀rọ̀ edé sí ìdí tó fi yẹ kí a du èèyàn ní oògùn náà, tàbí kí a kọ́kọ́ fún un ní oògùn ààbò.

Ìbéèrè tó yẹ kí nọ́ọ̀sì bi aláìsàn orí ibùsùn yẹn ni pé, "Ṣé wọ́n ti gún yín ní irú oògùn àwòrán yìí rí, tó sì bá yín jà?"