Kí ló ń mú èèyàn fẹsẹ̀ rin 300 kìlómítà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Madrid fi fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa, ìléròrò ló kún un. Ó ní Santiago ni òun ń fẹsẹ̀ rìn lọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kò ti tán nílé wa ní Badagry. Èmi tí mò ń bá a sọ̀rọ̀ lálaalẹ́ ni wọ́n sọ di agbẹnusọ rẹ̀.

Kí ló wà ní Santiago ọ̀hún?

Santiago de Compostela ni, ní ìpẹ̀kun àríwá ìwọ̀-oòrùn Sípéènì. Àwọn Kátólíìkì gbà pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ibẹ̀ ni egungun Jákọ́bù ọmọ Sébédè, àpọ́sítélì Jésù, wà, ẹni tí Hẹ́rọ́dù fi idà pa. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí èèyàn ti ń lọ síbẹ̀. Ṣé òun gan-an ló wà nínú ibojì náà? Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn rẹ̀, n kò ní bá wọn dá sí i.

Ṣé kò sí ọkọ̀ ni?

Ọkọ̀ wà, rélùwéè wà, bàálù wà. Ẹsẹ̀ ló wù wọ́n. Ọ̀nà tó lókìkí jù bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní Faransé, ó tó nǹkan bí 780 kìlómítà, àfi bí ẹni rìn láti Èkó dé Abuja. Àbúrò mi kò dán ìyẹn wò. León ló ti bẹ̀rẹ̀, ó lé ní 300, ọjọ́ 14 ló sì fi rìn ín. Ọfà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n kùn sára ògiri àti òkúta ló ń tẹ̀ lé. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Elías Valiña ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní àwọn ọdún 1980.

Níbo ló ń sùn? (Màmá ló bi mí.)

Ilé àwọn arìnrìn-àjò, tí wọ́n ń pè ní albergue. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì bíi ti họ́sítẹ́ẹ̀lì, èèyàn rẹpẹtẹ nínú yàrá kan, wọn a sì máa hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.

Kí ló dé tí àjèjì fi ń sọ àṣírí fún un?

Ibí ló dùn jù: ó ní àwọn tí òun kò mọ̀ rí máa ń sọ àṣírí wọn fún òun lójú ọ̀nà. Níbí, "Ọmọ ta ni ọ́?" la máa kọ́kọ́ bi ẹni tí a kò mọ̀. Lọ́nà Santiago, "Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀?" ni, lẹ́yìn náà "Kí ló gbé ọ wá?" Kò sẹ́ni tó ń bèèrè iṣẹ́. Gbogbo wọn ló so ìkarahun, àmì arìnrìn-àjò Santiago, mọ́ àpò ẹ̀yìn, gbogbo wọn ni ẹsẹ̀ ń dùn. Ta ni yóò wá fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá? Ẹni tí o kò sì ní rí mọ́ kò lè ro ẹjọ́ rẹ kiri àdúgbò.

Arábìnrin ará Kòríà kan fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún ìléròrò rẹ̀ fún un. Wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Bàbá ará Jámánì kan sì bá a rìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Cruz de Ferro, níbi òpó gíga kan tí àgbélébùú irin wà lórí rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń kó òkúta tí wọ́n gbé láti ilé sí ìdí rẹ̀. Bàbá náà yọ tiwọn, wọ́n ní inú ọgbà ìyàwó àwọn tó ti kú ni àwọn ti ṣà á. Àbúrò mi kò mọ ohun tí yóò sọ, ló bá ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." Bàbá ò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún.

Ṣé ó ti di JP nìyẹn?

Rárá o. Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti ń di JP (Jerusalem Pilgrim), tí wọ́n á máa kọ ọ́ sínú ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ní Santiago, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin 100 kìlómítà ó kéré tán, tí òǹtẹ̀ àwọn ibi tó gbà kọjá sì wà nínú ìwé ìrìnnà tí àwọn arìnrìn-àjò Santiago ń lò, yóò gba Compostela, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi èdè Látìn kọ. Kò sí oyè. Àǹtí wa kan ní kí wá ni gbogbo wàhálà ọ̀hún fún.

Ṣé a lè ṣe irú rẹ̀ níbí?

Ọ̀nà wà. Badagry ni wọ́n ti wàásù ìhìn rere lábẹ́ igi Àgíyà ní 1842. Níbí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend gbà dé Abẹ́òkúta ní January 1843. Àjàyí Crowther dúró níbí ju ọdún kan lọ, torí ogun dí ọ̀nà, kó tó débẹ̀ ní 1846. Ṣùgbọ́n kò sí ọfà, kò sí ilé ìsùn, ọlọ́kadà kò sì ní jẹ́ kó o gbádùn etí títì. (Àwọn Sẹ̀lẹ́ tí kì í wọ bàtà pàápàá, mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ lọ Ìmẹ̀kọ ní Kérésì.)

Àbúrò mi ní bí òun bá dé ní December, òun á dán an wò. Màmá ní àwọn á sìn ín dé Mọ̀wó tó wà nítòsí wa níbí, kí àwọn tó wọkọ̀ padà.