Àìrílò: bí oyún àìròtẹ́lẹ̀ ṣe ń di oyún ṣíṣẹ́

Ìwé pélébé kan tí wọ́n ń pín fún àwọn aboyún ní Adó-Èkìtì ló bí mi nínú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: “Àìní ìfètòsọ́mọbíbí tí a kò tíì bá pàdé.” Ẹ gbà mí o! Níbo la ti fẹ́ bá àìní pàdé? Ní Òkèṣà ni àbí ní Fájuyì? Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni èyí tí àwọn elétò ìlera ń pè ní “unmet need”. Èmi ń pè é ní àìrílò.

Obìnrin tó ṣì lè lóyún, tí kò fẹ́ bímọ mọ́ tàbí tó fẹ́ sinmi fún ọdún 2 ó kéré tán, síbẹ̀ tí kò lo ọ̀nà ìfètòsọ́mọbíbí kankan, àìrílò ló ń bá a jà. Ẹ má bi mí ní ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fẹ́ sinmi àti ẹni tó fẹ́ dáwọ́ dúró. Ibì kan náà ni wọ́n ń já sí. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bí 19 nínú 100 obìnrin ilé ọkọ ló wà nípò yìí, nígbà tó jẹ́ pé 12 péré ló ń lo ọ̀nà ìgbàlódé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò takò mí. Ó ní bí àwọn èèyàn bá gbọ́ “àìrílò”, wọ́n á rò pé oògùn ló tán ní ilé ìwòsàn. Mo bi í pé, kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń sọ àìríná-àìrílò? Bí mo bá ní n kò rí jẹ, ṣé iṣu ti tán ní Ọjà Ọba ni? Iṣu wà ńlẹ̀ rẹpẹtẹ, agbára mi ni kò ká a. “Rí” tiwa yìí gba owó, ó gba ọ̀nà, ó gba àyè, ó tún gba ẹnu ọkọ mọ́ ọn. “Àìní àìkájú” ni ọ̀rẹ́ mi ní òun fẹ́. Ta ni ìyẹn fẹ́ yé? Ẹlòmíràn tún gbé “ìfẹ́ àìṣẹ” dé, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà la ń sọ. Wọ́n wá ní obìnrin tí ẹ̀rù ń bà ńkọ́, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ fún pé abẹ́rẹ́ ń sọni di àgàn? Òun náà kò rí i lò. Ọ̀rọ̀ mi gbà á.

Ẹ wo kànga tí omi kún inú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbowó omi, àmọ́ tí okùn korobá ẹ kò tó o. Òùngbẹ ò ní dúró kó o lọ wá okùn mìíràn. Odò ẹlẹ́gbin ìsàlẹ̀ ọ̀hún lo máa bù mu.

Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ohun ìfètòsọ́mọbíbí di ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń yan gààrì ní abà kan lẹ́yìn Ìlawẹ̀ á san owó ọ̀kadà, á pa iṣẹ́ ọjọ́ kan tì, wọ́n sì lè ní kó ra ìbọ̀wọ́ àti òwú. Ó lè débẹ̀ kí wọ́n ní èyí tó fẹ́ ti tán. Àwọn kan ń fi káàdì wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí ọkọ má baà rí i. Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ò mọ̀ pé owó ọkọ̀ kò sí; bí ìgbà rẹ̀ bá ti pé, ó pé náà nìyẹn.

Ibẹ̀ ni oyún àìròtẹ́lẹ̀ ti ń wọlé. Láàárín 2015 sí 2019, nǹkan bí 61 nínú gbogbo 100 irú oyún bẹ́ẹ̀ lágbàáyé ni wọ́n ṣẹ́. Òfin ò dá a dúró. Òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ń bẹ fún ẹni tó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin, ọdún 7 fún obìnrin fúnra rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Olówó ń rí dókítà tó mọ ẹnu ẹ̀ pa mọ́. Tálákà ló ń kú sí ẹ̀yìnkùlé.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ìkorò ni ti Amẹ́ríkà. Ní 2001, Ààrẹ George W. Bush tún gbé òfin kan tí wọ́n ti pa tì dìde, èyí tó ní ẹgbẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tó bá ń ṣẹ́ oyún, tàbí tó ń gbè é lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ rí owó ìfètòsọ́mọbíbí gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford yẹ orílẹ̀-èdè 26 ní Áfíríkà wò, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 2019. Níbi tí wọ́n ti gbójú lé owó yẹn jù, ìlò ohun ìfètòsọ́mọbíbí wálẹ̀, oyún ṣíṣẹ́ sì fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 lé sí i.

Wọ́n á ní Gúúsù Kòríà ńkọ́, níbi tí ìfètòsọ́mọbíbí àti oyún ṣíṣẹ́ ti jọ ń gòkè nígbà kan? Òótọ́ ni. Wéré ni àwọn èèyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ọmọ díẹ̀, ìpèsè ò sì tètè bá wọn. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbègbè Matlab ní Bangladesh. Ní 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun ìfètòsọ́mọbíbí dé ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin abúlé ní apá kan. Apá kejì ń gba èyí tí ìjọba ń ṣe bó ṣe wà. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n ti fẹ́ dín ọmọ kù. Apá tí wọ́n ti ń gbé e wá bá wọn nílé ni oyún ṣíṣẹ́ ti kéré.