Montaigne kò bá ààwẹ̀ jà

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fìlọ́sọ́fì nípa Michel de Montaigne, òǹkọ̀wé àròkọ ará Faransé, ni wọ́n máa ń béèrè bóyá ọkùnrin náà tiẹ̀ gba Ọlọ́run gbọ́. Ó gbà á gbọ́. Àgùdà ni títí ó fi kú lọ́dún 1592, lásìkò tí Àgùdà àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń para wọn nípakúpa ní ilẹ̀ Faransé. Àṣejù ni kò gbà, ì báà jẹ́ nínú ohun rere.

Nínú àròkọ tó kọ lórí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nínú ìwé rẹ̀, Essais, ó ní tafàtafà tí ọfà rẹ̀ ré kọjá àmì kò sàn ju ẹni tí tirẹ̀ kò débẹ̀ lọ. Ó sì fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sáwọn ará Róòmù gbè é lẹ́sẹ̀. Bíbélì ló fi ń bá àwọn onígbàgbọ́ wí o.

Àpẹẹrẹ méjì ni mo máa ń gbé síwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni Spurina, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Tuscany kan láyé àtijọ́, tó rẹwà débi pé ojú kì í kúrò lára rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣá ojú ara rẹ̀ lọ́gbẹ́ kó má baà mú ẹnikẹ́ni dẹ́ṣẹ̀. Montaigne ní irú ìwà bẹ́ẹ̀ ya òun lẹ́nu ju kí òun bọlá fún un lọ. Èkejì ni Kádínà Borromeo ti Milan, tó ń sùn lórí koríko gbígbẹ, tó ń kàwé lórí ìkúnlẹ̀, tí búrẹ́dì àti omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀. Montaigne kò fi èyí ṣẹlẹ́yà rárá. Lójú tèmi, ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé Borromeo kàn fi adùn du ara rẹ̀ ni, àmọ́ Spurina ba iṣẹ́ ọwọ́ Ẹlẹ́dàá jẹ́. Ẹ wo àròkọ tó gbẹ̀yìn ìwé náà: ó ní ẹni tó bá kọ ẹ̀bùn Ọlọ́run, tó sì bà á jẹ́, ti ṣẹ Olùfúnni, àwọn tó sì fẹ́ bọ́ ara ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n lè di áńgẹ́lì, ẹranko ni wọ́n ń dà.

Nígbà tó wà ní Róòmù lọ́dún 1581, àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún Póòpù bá a wí díẹ̀. Wọ́n ní ó yin Julian, ọba Róòmù àtijọ́ tó kẹ̀yìn sí ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì, àti pé ó pe ìyà èyíkéyìí tó bá ju pípa lásán lọ ní ìkà. Wọ́n ní kó tún un ṣe bó bá ṣe rí i pé ó yẹ. Montaigne kò yọ àwọn ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ọdún 1676 ni Róòmù tó wá fòfin de ìwé náà.