Ẹ Fi Iná Wò Ó Kí Ẹ Tó Hun Ún: Ọ̀rọ̀ Wúùlù Tó Ṣẹ́kù

Oníbàárà mi kan gbé báàgì Ghana-must-go wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó kún dẹ́nu fún wúùlù tó ṣẹ́kù lára kádígàn, fìlà ọmọ àti ṣọ́ọ̀lù tó ti ń hun bọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wá nǹkan fi ṣe. Mi ò lè dà á nù." Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń da ohun tó fowó rà nù?

Ó ti fi àwọ̀ pín wọn: pupa lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Kí ẹ tó wo àwọ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe òwú náà. Gbogbo rẹ̀ là ń pè ní wúùlù lọ́jà, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe irun àgùntàn. Akiríìlìkì ni, ara epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ èròjà rẹ̀. Ẹ gé bí ìka kan, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú lórí àwo irin tí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ ṣáná sí i. Akiríìlìkì á yọ́ bí ọ̀rá, èéfín dúdú á jáde, ohun tó bá kù á le bí ìlẹ̀kẹ̀. Òwú oko á jó bí ìwé, á di eérú. Irun àgùntàn á rùn bí irun orí tó jó, tí ẹ bá sì gbé iná kúrò, òun fúnra rẹ̀ á kú.

Wàhálà yìí nídìí. Ẹni tó bá fi akiríìlìkì hun ohun tí yóò fi sọ ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀, ó lè yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òwú oko nìkan ni kí ẹ fi ṣe ti ilé ìdáná. Irun àgùntàn ní tirẹ̀ máa ń súnkì nínú omi gbígbóná. Bí ẹ bá hun ún mọ́ akiríìlìkì, ọjọ́ tí ẹ bá fọ aṣọ náà ni yóò lọ́.

Pupa àti búlúù tó kún, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi aṣọ funfun wé e mọ́jú. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí mọ́ aṣọ náà, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ funfun.

Ṣé yóò tó? Tí ẹ bá ń fi abẹ́rẹ́ méjì hun ún lásán, láìsí ọnà, ìlà kan máa ń jẹ òwú tó bí ìlọ́po mẹ́ta fífẹ̀ aṣọ. Tí òwú ọwọ́ yín kò bá ti tó ìlọ́po mẹ́rin, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun. Ẹ pààrọ̀ àwọ̀ létí aṣọ. Ẹ mú àwọ̀ kan ṣe ìyá, kí àwọn yòókù máa gba àárín rẹ̀ kọjá ní ìlà méjì-méjì. Bẹ́ẹ̀ ni rúdurùdu ṣe ń di ọnà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi hun ìbọ̀sẹ̀ ìkókó. Gbogbo ibi tí àwọ̀ ti yí ló ní orí òwú nínú, orí òwú tó bá tú lè wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní ráàyè kọjá. Ọmọ á máa ké, ìyá á rò pé inú ló ń run ún.

Àwọn kéékèèké tí kò ṣeé hun mọ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ti rí ìtagbè, aṣọ èjìká àwọn àgbà wa, bí òwú ṣe ń yọ jọ̀bọ̀ jọ̀bọ̀ lára rẹ̀? Ojú ìyẹn ni mo wò. Ẹ gé òwú ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ kíróṣè fà á gba ojú àpò ìdọ̀họ kọjá, kí ẹ ta á ní kókó. Ẹ máa tò ó mọ́ra tímọ́tímọ́ títí yóò fi di ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń gba àkókò o, ẹni tí kò ní sùúrù kó má dán an wò.

Ìnusẹ̀ méjì àti fìlà ọyẹ́ mẹ́ta ló jáde nínú báàgì yẹn. Ó ku pupa kan tó ń yí aṣọ. Òun ni oníbàárà mi fi ń so ẹnu àpò gàrí rẹ̀.